Bẹ́ẹ̀ Ni, Sà

Kó. Kó-kó. Kó-kó-kó, kó.

Ìró ìka lára irin ni. Ó ti pẹ́ tó ti dún, ṣùgbọ́n kò tíì kúrò létí Fọláwùnmí Láoyè. Nígbà náà, àrùn kòrónà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kásẹ̀ nílẹ̀, àwọn ará Berlin ṣì ń fi ìbòmú wọ ọkọ̀, òun náà ò sì tíì pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ wíwa U6, ọkọ̀ ojú irin tó ń gba abẹ́ ilẹ̀ àdúgbò Wedding kọjá lọ sí Reinickendorf. Ó wa ọkọ̀ dé Alt-Tegel, níbi tí ọ̀nà parí sí, ó sọ̀ kalẹ̀ láti wò ó bóyá ẹnì kan ti sùn gbàgbé sínú ọkọ̀. Òyìnbó kan ló bá níjókòó. Ó dijú, ó ń fi ìka lu òpó irin tí èrò máa ń dì mú, àfi bí ẹni pé ọkọ̀ ṣì ń sáré.

"Endstation!" Fọláwùnmí pariwo. Ẹni tó bá ti gbé Berlin mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yẹn kò ní ìtumọ̀ méjì: ọ̀nà parí, ẹ máa bọ́lẹ̀.

Kó-kó, kó.

"Àbí adití ni ọ́ ni?" Yorùbá ló fi bú u, nítorí pé ó ti rẹ̀ ẹ́, ó sì mọ̀ pé kò lè gbọ́ ọ. Ó fọwọ́ gbá a léjìká.

Òyìnbó fò dìde. "Ẹ máà bínú," ó fi Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́, ó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọ tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìkòkò ẹran. "Láti Wedding ni ọkọ̀ yín ti ń kọrin. Èmi ni mò ń gbè é."

"Ọkọ̀ tèmi kì í kọrin. Bọ́lẹ̀."

Inú ló kọ́kọ́ bí i. Inú bíbí ni ìfẹ́ àwọn méjèèjì fi bẹ̀rẹ̀, kò sì jọ pé inú bíbí ọ̀hún rí ibi sinmi lọ́jọ́ kan. Òyìnbó tún wá ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ó dúró sí ẹnu ilẹ̀kùn awakọ̀, ó ní ìró kan ló bọ́ lọ́wọ́ òun nínú ọkọ̀ náà, òun wá a wá ni.

"Ìró wo?"

"Ìró obìnrin tó ń bú mi lédè tí mi ò mọ̀."

Fọláwùnmí fẹ́ bínú, ẹ̀rín gbà á lẹ́nu rẹ̀. Ibẹ̀ ló ti ṣẹlẹ̀.

Julian lorúkọ rẹ̀. Ọmọ Hull ni, ìlú apẹja kan ní ìlà-oòrùn Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìlù ni iṣẹ́ rẹ̀, ìlù òyìnbó tí wọ́n ń tò yí èèyàn ká, tí èèyàn ń fi ọwọ́ méjèèjì àti ẹsẹ̀ méjèèjì lù. Irú orin tó ń lù ún sí ni rọ́ọ̀kì tí wọ́n ń pè ní saikẹdẹ́líìkì. Orin kan nínú rẹ̀ lè gùn tó ìwàásù. Gìtá á máa ké bí ẹyẹ òkun, iná aláràbarà á máa ṣàn lára ògiri, àwọn èrò á dijú, wọn á máa mì. Kò tíì ju ọ̀dọ́mọkùnrin lásán lọ nígbà tó bá ẹgbẹ́ olórin kan wọ mọ́tò wá sí Hamburg. Ẹgbẹ́ náà ṣe àwo kan, àwo lókìkí, ẹni tó ń kọrin sì ní ilé ń wu òun, ẹgbẹ́ tú. Ó bọ́ sí òmíràn. Onígìtá méjì jà nítorí obìnrin kan, ìyẹn náà tú. Bó ṣe ń ṣe é nìyí, ó ń sùn sínú mọ́tò láti ìlú dé ìlú, ìlù rẹ̀ ń dún nínú àwo àwọn tí orúkọ wọn ju tirẹ̀ lọ, títí Henning, onígìtá ará Hamburg, fi mú un wọ ẹgbẹ́ rẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí Ìkùukùu Pupa. Níbẹ̀ ló ti rójú. Ó gba yàrá sí Wilhelmsburg, erékùṣù tó wà láàárín odò Elbe. Bí orin ò bá sí, ó ń bá wọn já ẹrù ní èbúté.

Tí Fọláwùnmí ò bá lọ síṣẹ́, ó di Hamburg. Tí Julian ò bá lórin, ó di Berlin. Bí wọn ò bá rí ara wọn, ọ̀sẹ̀ á gùn bí ọdún ọ̀dá. Fọláwùnmí kọ́ ọ ní Yorùbá díẹ̀díẹ̀, lórí ìjókòó ọkọ̀ ojú irin S-Bahn, lórí afárá, nídìí ìkòkò. Ohun kan ló máa ń yà á lẹ́nu nípa ọkùnrin yìí: bó bá ń bá a sọ̀rọ̀, kì í gbójú kúrò ní ojú rẹ̀. Àwọn ọkùnrin tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, fóònù ni wọ́n ń wò. "Èyí ń wò mí bí ẹni ń ka Bíbélì," ó sọ fún ara rẹ̀, inú rẹ̀ sì dùn.

Lọ́jọ́ kan ní Landungsbrücken, níbi tí ọkọ̀ ojú omi ti ń gbé èrò, ara rẹ̀ ò gbà á mọ́. Ó ní, "Julian, ṣé eré là ń ṣe ni, àbí wàá fẹ́ mi?" Bó ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni ọkọ̀ ńlá kan fọn fèrè tó mi ilẹ̀. Julian wò ó lójú, ó wò ó lẹ́nu. "Bẹ́ẹ̀ ni," ó ní, "bẹ́ẹ̀ ni, Wùnmí." Ó gbá a mọ́ra.

Ó wá ku bàbá.

Alàgbà Láoyè wà lára àwọn tó dá ìjọ Aládúrà kan sílẹ̀ ní Wedding, nínú gbọ̀ngán kan tó wà ní ẹ̀yìnkùlé ilé alájà púpọ̀. Ìyàwó rẹ̀ ti sùn nínú Olúwa. Irùngbọ̀n rẹ̀ funfun, ó sì kún débi pé èèyàn ò rí ètè rẹ̀. Bó bá ń sọ̀rọ̀, irun nìkan ló ń mì.

"Kí niṣẹ́ ẹ̀?" ó bi ọmọ rẹ̀.

"Drummer ni, Dádì."

"Onílù."

"Drummer, Dádì. Ó wà nínú band."

"Ṣé bó o bá sọ ọ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì, kò ní jẹ́ onílù mọ́? Nílé wa ní Iléṣà, bí alágbe bá dé ẹnu ọ̀nà, a máa ń ta á lọ́rẹ kó lè máa lọ ni. A kì í ta á lọ́mọ." Ó gbé gíláàsì ojú rẹ̀ sókè. "Irú orin wo ló ń lu ìlù sí?"

Fọláwùnmí ṣàlàyé títí. Ó sọ nípa iná, ó sọ nípa gìtá.

"Àwọn èrò á dijú?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Wọ́n á máa mì?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Wọn kì í sì í ṣe Aládúrà?"

"Rárá, sà."

"Igbó ni wọ́n ń mu." Ọ̀rọ̀ parí.

Àǹtí Bímbọ́lá ló gbé ọ̀rọ̀ náà dìde padà. Àbúrò bàbá ni, ó ní ilé ìṣerunlọ́ṣọ̀ọ́ lẹ́bàá Leopoldplatz, kò sì sí ìgbéyàwó kan nínú ìjọ tí kò ṣe alárinà rẹ̀. Ó bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ ọ́ lówùúrọ̀, ó bá a sọ ọ́ lẹ́yìn ìsìn, ó gbé oúnjẹ tì í, ó sunkún sí i. Ó tó bí ọdún kan kí Alàgbà tó ní, "Ó dáa. Mú un wá. Kí n rí i."

Lọ́jọ́ tó ṣáájú ọjọ́ náà, Àǹtí gbé Julian jókòó sórí àga oníbàárà, láàárín àwọn obìnrin tí wọ́n ń dirun fún.

"Òyìnbó, gbọ́ mi. Ní ilé Yorùbá, ọmọdé kì í sọ rárá fún àgbà. Ohunkóhun tí ẹ̀gbọ́n mi bá sọ, kí lo máa wí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Bí wọ́n bá ní yìnyín ń já bọ́ lóṣù kẹjọ ńkọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Bí wọ́n bá ní imú ẹ gùn jù?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà!"

Ẹ̀rín sọ nínú ilé. Obìnrin kan tí wọ́n ti dirun fún dé ìdajì ní kí wọ́n bá òun wá irú rẹ̀ kan. "Ọkọ gidi!" Àǹtí ní. "Wùnmí, lọ fọkàn balẹ̀."

Julian wọ kóòtù. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí kápẹ́ẹ̀tì Alàgbà, ó ní "Ẹ káàsán, sà" bí ọmọ Ìjẹ̀ṣà. Bàbá kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó ní kó dìde jókòó. Wọ́n jẹun. Nígbà tó yá, bàbá ní, "Ẹ̀yin obìnrin, ẹ bọ́ sí kíṣìnnì ná. Ẹ pa ilẹ̀kùn dé." Àǹtí Bímbọ́lá fìgbúnwọ́ gbún Fọláwùnmí lẹ́gbẹ̀ẹ́: ó ti bọ́ sí i nìyẹn.

Wọn ò tíì gbé abọ́ kan sínú omi tí ohùn Alàgbà fi la ilé já.

"Fọláwùnmí! Wá kó òyìnbó ẹ kúrò nílé mi!"

Ó sáré dé yàrá. Bàbá ti dìde, ó na ìka sí ilẹ̀kùn. Julian jókòó, ẹ̀rín ṣì wà lẹ́nu rẹ̀, àmọ́ ẹ̀rín náà ti ń kú lọ.

"Kí ló ṣe, sà?"

"Mo bi í léèrè. Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi bi í kó má baà ní kò yé òun. Mo ní, 'Bí mo bá ní kí o fi ọmọ mi sílẹ̀ lónìí, ṣé wàá fi í sílẹ̀?' Ó ní, 'Bẹ́ẹ̀ ni, sà.' Ó tún rẹ́rìn-ín sí i!"

"Ẹ̀gbọ́n mi, bóyá…" Àǹtí bẹ̀rẹ̀.

"Má bá mi sọ̀rọ̀, Bímbọ́lá! Ìwọ lo mú un wá!"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbọ́ ná!"

"Julian," Fọláwùnmí pariwo láàárín ariwo méjèèjì, "ṣé òótọ́ ni? Ṣé o sọ bẹ́ẹ̀?"

Julian wo bàbá, ó wo Àǹtí tó ti ń sunkún, ó wo Fọláwùnmí. Gbogbo ẹnu ló ń sọ̀rọ̀ pọ̀. Ó mi orí. "Bẹ́ẹ̀ ni," ó ní.

Fọláwùnmí fa aṣọ rẹ̀ lápá, ó tì í jáde, ó tì í kan àtẹ̀gùn. "Bẹ́ẹ̀ ni? Bẹ́ẹ̀ ni? Wọ́n ní kó o jù mí nù, o ní bẹ́ẹ̀ ni? Lójú mi? Máa lọ! Má padà wá!" Ohùn rẹ̀ ń gbá ògiri àtẹ̀gùn kiri láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Julian dúró nísàlẹ̀ ó la ẹnu, ó jọ ẹni tí òjò ká mọ́ ìgboro. Fọláwùnmí pa ilẹ̀kùn mọ́ ọn lójú, ó sì dí ọ̀nà nọ́ńbà rẹ̀ lórí fóònù.

Ẹni tí inú ń bí kò yẹ kó wa ọkọ̀, ṣùgbọ́n U6 kò mọ ìyẹn. Ó ń lọ, ó ń bọ̀ nínú ihò dúdú yẹn, inú rẹ̀ ń hó. Ó rántí gbogbo "bẹ́ẹ̀ ni" tí ọkùnrin náà ti sọ rí. Ó ti yá a lẹ́nu jù! Ṣé bó ṣe máa ń sọ ọ́ fún gbogbo èèyàn nìyẹn? Ṣé bí èèyàn ṣe ń sọ "danke" fún ẹni tó bá a di ilẹ̀kùn mú ni? Ó bú u láti Tegel dé Mariendorf, ó bú u padà. Lẹ́yìn náà, bí ọkọ̀ bá dúró, ó ń wo ojú àwọn èrò lórí ibùdó, ó ń wá ojú rẹ̀ láàárín wọn. Ìyẹn tún wá bí i nínú jùlọ.

Alàgbà pàápàá ò fẹ́ jẹ́ kí ojú ọgbẹ́ san. Ọ̀dọ́kùnrin kan nínú ìjọ, Ọláolúwa, tó ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa ẹ̀rọ ní yunifásítì, bẹ̀rẹ̀ sí í wá kí wọn lọ́jọ́ Àìkú. Ọmọ dáadáa ni. Fọláwùnmí gbé omi fún un, ó ní, "Ọláolúwa, o ò ṣe mí ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n bínú tán ná." Ọmọkùnrin náà mu omi, ó dìde, kò tún padà wá.

Nígbà tí ewé bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀, Fọláwùnmí pinnu pé òun á lọ sí Hamburg. Kì í ṣe pé òun fẹ́ bẹ ẹnikẹ́ni. Ó fẹ́ kí Julian sọ ọ́ lójú òun lẹ́ẹ̀kan sí i, kí òun lè kórìíra rẹ̀ dáadáa.

Ó bọ́ nínú S-Bahn ní Wilhelmsburg, ó rìn lọ sí ilé ìkẹ́rù àtijọ́ tí àwọn Ìkùukùu Pupa ti ń gbáradì. Ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí. Àwọn yòókù ti lọ jẹun ọ̀sán. Julian nìkan ló wà níbẹ̀, ó kẹ̀yìn sí ẹnu ọ̀nà, ó ń fi aṣọ nu páànù ìlù rẹ̀, ó ń kun orin.

"Julian."

Ó ń nu páànù lọ.

"Julian! Mo dé. Mo wá gbọ́ tẹnu ẹ."

Ó yí páànù sódì kejì, ó ń nù ún. Fọláwùnmí rò pé àyà òun á bẹ́. Ó tún wá ń fojú pa òun rẹ́! "Ọmọ àlè," ó fi Yorùbá sọ ọ́, ó gbé ohùn sókè. "Ọ̀dàlẹ̀. Aláìnítìjú." Orin kíkùn ò dáwọ́ dúró. Nǹkan kan wá tutù nínú rẹ̀. Ó rìn sún mọ́ ọn, ó ku bí apá kan. Gẹ̀ẹ́sì ló fi sọ ọ́, kedere, bí ẹni ń kéde ibùdókọ̀. "Julian, mo ti fẹ́ ẹlòmíràn. Ọ̀la ni ìgbéyàwó wa."

Julian fẹ́ eruku kúrò lára páànù. Ìgbà náà ló rí òjìji rẹ̀ lára irin dídán náà. Ó yí padà, ojú rẹ̀ là bí ilẹ̀ tó mọ́. "Wùnmí! Ìgbà wo lo dé?"

Fọláwùnmí jókòó sórí àpótí gìtá kan.

"O ò gbọ́," ó ní.

"Kí ni?"

"Etí rẹ ò gbọ́ràn. Julian, wò mí lẹ́nu. Etí rẹ ò gbọ́ràn."

Ó gbé aṣọ ìnuwọ́ sílẹ̀. Ó ní etí ọ̀tún ti lọ pátápátá. Ti òsì, bí ẹni tó wà lábẹ́ omi ni, agogo kan sì ń dún nínú rẹ̀ tọ̀sán-tòru. Kò fi nǹkan dí etí nídìí ìlù nígbà tó wà ní ọ̀dọ́. Gbogbo wọn ló rò pé ojo ló ń dí etí. Báyìí, ẹsẹ̀ Henning ló ń wò láti mọ ibi tí orin dé. Bí wọ́n bá pa iná, àdúrà ló ń gbà.

"Ọjọ́ tí bàbá mi bi ọ́ ní ìbéèrè…"

"Mi ò rí ẹnu wọn. Irun bò ó. Mo rí i pé wọ́n ń bi mí ní nǹkan pàtàkì. Àǹtí ní kí n sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Wọ́n ní bí àwọn bá ní kó o fi mí sílẹ̀, ṣé wàá fi mí sílẹ̀."

Fọláwùnmí rí i bí ọ̀rọ̀ náà ṣe wọlé sí i lójú. Gbogbo ẹ̀jẹ̀ ojú rẹ̀ lọ. Ẹlòmíràn ì bá dì mọ́ ọn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbínú Fọláwùnmí kò kú, ó kàn pa aṣọ dà ni.

"Ní Landungsbrücken, nígbà tí fèrè ń dún, ṣé o gbọ́ mi?"

Julian mú aṣọ ìnuwọ́ náà, ó ń ká a.

"Dá mi lóhùn!"

"Ọ̀rọ̀ kan ni mo rí lẹ́nu rẹ. 'Fẹ́.' Ó tó mi, Wùnmí."

"Kò tó mi! Báwo ni mo ṣe máa mọ èyí tó jẹ́ tèmi nínú gbogbo bẹ́ẹ̀ ni rẹ? Gbogbo ìgbà tí mo rò pé ò ń wò mí torí pé mo rẹwà!"

"O rẹwà."

"Pa ẹnu mọ́! Wá sí Berlin. Sọ fún bàbá mi."

Julian wo ilẹ̀kùn. Ó ní ẹgbẹ́ àwọn fẹ́ rìnrìn-àjò nígbà ìrúwé, láti Oslo dé Lisbon, ìrìn tí òun ti ń retí láti ìgbà tí òun ti kúrò ní Hull. Bí Henning bá gbọ́ pé onílù òun dití, ẹlòmíràn ló máa jókòó sídìí ìlù náà. Berlin ò sì jìnnà sí Hamburg, ọ̀rọ̀ ní ẹsẹ̀. "Ìlù nìkan ni mo ní," ó ní. Ó wá sọ èyí tí ò yẹ kó sọ. "Bá mi sọ fún bàbá pé Gẹ̀ẹ́sì wọn ni kò yé mi. Pé bí wọ́n ṣe ń pe ọ̀rọ̀ ni."

Fọláwùnmí dìde.

"Kí n lọ bá bàbá mi, kí n sọ fún wọn pé Gẹ̀ẹ́sì wọn ò dáa? Àwọn tó ti ń sọ ọ́ kí wọ́n tó bí ọ? Kí ìwọ òyìnbó lè fi ẹnu wọn bo etí ara rẹ?"

"Wùnmí, mi ò…"

"Fi ẹnu ara rẹ sọ ọ́. Fún Henning. Fún bàbá mi. Èmi ò ní ṣe alárinà etí ẹnikẹ́ni."

S-Bahn gbé e kọjá lórí Elbe, omi aláwọ̀ eérú nísàlẹ̀, àwọn ọkọ̀ ẹrù tò bí ilé. Ó sunkún, ó sì ń bínú sí ẹkún náà.

Ìjà tó kù, ti bàbá rẹ̀ ni. Ọ̀sán Sátidé kan ni, Àǹtí Bímbọ́lá ń já ẹ̀fọ́ lọ́wọ́.

"Dádì, irú ìbéèrè wo lẹ bi ọkùnrin yẹn? Ẹ dẹ pàkúté fún un ni!"

"Pàkúté?" Alàgbà gbé Bíbélì sílẹ̀. "Ìbéèrè ilé wa ni. Bàbá ìyá rẹ bi mí. Wọ́n bi bàbá tèmi náà. Wọ́n á kó obìnrin jáde, wọ́n á ní, 'Bí a bá ní kó o fi í sílẹ̀ ńkọ́?' Ọkọ ìyàwó á ní, 'Ẹ jọ̀ọ́, sà, mi ò ní fi í sílẹ̀.' Ìgbà kan ṣoṣo nìyẹn tí ọmọdé lè já àgbà ní koro, tí àgbà á sì gbá a mọ́ra." Ó nàka sí ìdí àga rẹ̀. "Mo ti gbé àwo oyin sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga, Fọláwùnmí. Mo fẹ́ fi gbàdúrà fún yín. Mo ti fara mọ́ onílù náà! Òun ló wá jù ọ́ sílẹ̀ bí àkísà, ó tún ń rẹ́rìn-ín. Ta ni mo máa bínú sí?"

Ẹ̀fọ́ bọ́ lọ́wọ́ Àǹtí Bímbọ́lá. "Ẹ̀gbọ́n! Kí ló dé tẹ́ ò sọ fún mi? Èmi ni mo kọ́ ọ ní bẹ́ẹ̀ ni, sà!"

"Obìnrin kì í gbọ́ ọ."

"Ẹ wá gbọ́ ohun tó dà! Láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣe alárinà, ẹ jẹ́ kí n máa kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ọ̀nà ọ̀run!"

Fọláwùnmí dúró láàárín wọn, gbólóhùn kan ṣoṣo ló wà lẹ́nu rẹ̀. *Kò gbọ́ yín, sà.* Bó bá ti sọ ọ́, ìjà parí. Bàbá á rọ̀, Àǹtí á jó, oyin ṣì wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ṣùgbọ́n bó bá sọ ọ́, òun náà ló máa máa sọ ọ́ lọ títí ayé, níbi iṣẹ́, ní Standesamt tí wọ́n ti ń so tọkọtaya pọ̀, lọ́dọ̀ olùkọ́ ọmọ wọn: òun á máa gbọ́ fún ọkọ, òun á máa sọ fún ọkọ, ọkọ á máa mi orí. Ó gbé gbólóhùn náà mì. Ó korò.

"Jẹ́ kí n pè é," Àǹtí ní. "Jẹ́ kí n tún un ṣe."

"Àǹtí, wọ́n ní bí a bá mojú ọkọ tán, alárinà á yẹ̀bá. Ẹ yẹ̀bá."

"Ṣé èmi lò ń lé, Wùnmí?"

"Gbogbo wa ni, mà. Kó dá nìkan dúró síbẹ̀."

Yìnyín wá, ó dọ̀tí, ó yọ́. Kò sí ìpè, kò sí lẹ́tà, kò sí ẹni tó dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn awakọ̀. Nígbà tí ìrúwé ń bọ̀, wọ́n lẹ ìwé ìpolówó mọ́ ògiri ibùdókọ̀ Wedding: Ìkùukùu Pupa ń bọ̀ wá sí Berlin. Àwòrán wọn wà lórí rẹ̀, Julian dúró lẹ́yìn, irun rẹ̀ bo etí. Lójoojúmọ́ ló ń wa ọkọ̀ kọjá lójú àwòrán yẹn. "Ó ti yan tirẹ̀," ó sọ fún ara rẹ̀. "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Orí ló yọ mí." Ṣùgbọ́n bó bá ti kù díẹ̀ kó dé Wedding, ọwọ́ rẹ̀ á le lórí ìdarí ọkọ̀, á sì wo ògiri.

Lọ́jọ́ Àìkú kan, lẹ́yìn ìsìn, àwọn ọmọ ìjọ wà nínú àgbàlá, wọ́n ń wọ bàtà wọn padà, wọ́n ń pín ìrẹsì. Alàgbà Láoyè jáde nínú sùtánà funfun, kò tíì wọ bàtà, ẹsẹ̀ lásán ló fi tẹ òkúta tútù. Fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó na ọwọ́ náà jìnnà sí ara bí ẹni gbé ẹyin dání.

"Ta ló fún un ní nọ́ńbà mi?" ó bi gbogbo ayé.

Àǹtí Bímbọ́lá ń wo òfuurufú.

"Mo ti gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan," bàbá sọ fún ọmọ rẹ̀, ojú rẹ̀ pọ́n. Kò sẹ́ni tó lè mọ̀ bóyá ìbínú ni àbí nǹkan mìíràn. "Mi ò mọ̀ bóyá mo gbọ́ ọ dáadáa. Ìwọ gbọ́ ọ fún mi."

Ó tẹ iṣẹ́ olóhùn tó wà lórí fóònù náà. Ohùn Julian jáde, ó le ju bó ṣe yẹ lọ, Yorùbá rẹ̀ ń tiro, àwọn tó ń bu ìrẹsì gbé ojú sókè.

"Ẹ kú ọjọ́ ìsinmi, sà. Julian ni. Mò ń pariwo, ẹ má bínú, mi ò mọ bí ohùn mi ṣe ń jáde mọ́. Etí mi ti bàjẹ́, sà. Ìlù ló bà á jẹ́, èmi ni mo fi pa mọ́. Lọ́jọ́ yẹn, mi ò gbọ́ ìbéèrè yín. Gẹ̀ẹ́sì yín dáa. Mo fẹ́ kí Wùnmí purọ́ mọ́ yín, ó kọ̀, ó bú mi, ó tọ́ sí mi. Mo ti sọ fún Henning. Ó sunkún, ó sì gba ẹlòmíràn. Wọ́n ti lọ sí Oslo láìsí mi. Inú ń bí mi, sà. Mi ò lè sùn, inú ń bí mi gan-an. Ṣùgbọ́n Wùnmí ti sọ ìbéèrè náà fún mi, mo sì rí ẹnu rẹ̀ dáadáa nígbà tó ń sọ ọ́. Ẹ ní bí ẹ bá ní kí n fi í sílẹ̀ ńkọ́. Mi ò ní fi í sílẹ̀. Mo mọ̀ pé ọmọdé kì í sọ bẹ́ẹ̀ fún àgbà. Bí ẹ bá fẹ́ bínú, ẹ bínú, sà. Èmi náà ń bínú, Wùnmí ń bínú. Ẹ jẹ́ ká jọ máa bínú nínú ilé kan náà."